Máṣíìnì tó mọ títì, tó tún mọ ọ̀nà oko: bí a ṣe ń yan alùpùpù arìnrìn-àjò ní Ìbàdàn

Ẹni tó bá gba Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn lónìí yóò rí i pé kìlómítà 65 yẹn ti di títì ọlọ́dà tó ṣeé sáré lé. Ṣùgbọ́n ẹ yà kúrò lórí rẹ̀ ní agbègbè Ìjàyè, kí ẹ gba ọ̀nà tó wọ oko. Kò ní pẹ́ tí ọ̀dà á fi tán. Yangí ló kàn, lẹ́yìn yangí iyanrìn, lẹ́yìn iyanrìn, ibi tí ọ̀gbàrá ti la ilẹ̀ sí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá Akanran rí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀nà kéékèèké tó ń wọ abúlé ní Ìbàràpá. Ìlú wa tóbi, ṣùgbọ́n oko kò jìnnà sí i níbi kankan. Ẹni tó ń gun máṣíìnì ní Ìbàdàn lè wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road láàárọ̀, kó sì wà nínú ẹrẹ̀ tó dé orókùn kó tó di ọ̀sán.

Irú alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ìrìn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Ó ga nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn, tánkì rẹ̀ gba epo tó lè gbé èèyàn dé ìlú òkèèrè, ẹ sì lè dìde dúró lórí rẹ̀ bí ọ̀nà bá burú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka R 80 G/S tí BMW gbé jáde ní Jámánì ní 1980 sí bàbá àwọn ńláńlá inú wọn. Kí ó tó dé ni ìje Paris sí Dàkár ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1978, wọ́n gba inú aṣálẹ̀ Niger tó bá wa pa ààlà kọjá. Yamaha XT500 ló gba ipò kìíní láàárín àwọn alùpùpù lọ́dún yẹn. Máṣíìnì oní-sìlíńdà kan ni, kò ní rédíétọ̀, kò ní kọ̀ǹpútà kankan lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín pé láìsí 1000cc (cc ni ìwọ̀n bí inú sìlíńdà ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó) ẹ ò lè rìn jìnnà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìrìn yín sílẹ̀

Kí ẹ tó wo máṣíìnì kankan, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ìrìn yín sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ibo lẹ lọ? Kìlómítà mélòó ló jẹ́ títì, mélòó ló jẹ́ ilẹ̀ lásán? Ṣé òjò ti rọ̀ ni àbí ilẹ̀ gbẹ? Ta lẹ gbé sẹ́yìn, kí lẹ dì mọ́ ọn? Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé inú igbó ni ìdajì ìrìn mi. Ìwé ní rárá. Nínú kìlómítà 10 tí mo bá rìn, 8 ló jẹ́ títì: Bódìjà sí Òjóò, Òjóò sí Mọ́níyà. Ṣùgbọ́n 2 tó kù yẹn ló ń jẹ wákàtí mi, òun ló sì ń pinnu bóyá màá délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ 9 lórí títì, tó ń gbé ìyàwó sẹ́yìn lọ sí Ìlọrin lóṣooṣù, kó wá èyí tó fara balẹ̀ lórí ọ̀dà, tó kàn lè fara da eruku. Ẹni tó jẹ́ àgbẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn abúlé wò, kó wá èyí tó fúyẹ́, kó má ka bó ṣe ń sáré tó sí. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá ni òjò wa, nítorí náà ẹ fi ojú ọjọ́ òjò wo ohun tí ẹ kọ. Ọ̀nà tó dà bí ilẹ̀ pẹpẹ nínú ọyẹ́ lè di adágún ní oṣù Kẹsàn-án.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwúwo ni ọ̀gá

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti pẹ́ díẹ̀.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. BMW R 1250 GS tí epo kún inú rẹ̀ tó kílò 249, àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún nìyẹn. Honda Africa Twin 1100 lé ní 220. Yamaha Ténéré 700 jẹ́ bíi 205. Royal Enfield Himalayan 450 jẹ́ 196. Honda CRF300L jẹ́ 142, Honda XR150L sì wà ní àyíká 130. Lórí títì, bí máṣíìnì bá ti ń lọ, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wúwo. Ó tilẹ̀ máa ń dáa, torí atẹ́gùn tírélà kò ní máa tì yín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Inú ẹrẹ̀ ni gbogbo kílò yẹn ti máa ń béèrè owó rẹ̀.

Ọdún kan ni mo ra máṣíìnì ńlá kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi dá mi lójú pé bó ṣe tóbi yẹn ni kò ṣe sí ibi tí kò ní gbé mi dé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbé e gba Akanran wọ oko ẹ̀gbọ́n mi. Òjò ti rọ̀ lóru. Ibì kan wà tí típà ti fi táyà gbẹ́ ilẹ̀ sí ipa méjì, amọ̀ pupa sì dá dúró sí àárín. Táyà iwájú mi bọ́ sínú ipa òsì, ti ẹ̀yìn ń wá ọ̀tún lọ. Mo na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ẹsẹ̀ kò bá ilẹ̀, torí ìjókòó rẹ̀ ga jù fún mi. Ó rọra dùbúlẹ̀ bí màlúù tó ti rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú, ooru rẹ̀ ń ṣe ṣìì nínú omi ẹrẹ̀. Mo gbé e lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e lẹ́ẹ̀mejì, bàtà mi ń yọ̀ lábẹ́ mi, kò mira. Mo dúró níbẹ̀ bí ogójì ìṣẹ́jú kí ọmọkùnrin kan tó dé lórí Boxer, ó di àpò gààrí méjì sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ kú ewu." Ó bá mi gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ó gun tiẹ̀, ó gba etí koríko, ó kọjá níbi tí mo ti ṣubú láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí mo ti ta máṣíìnì náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá dúrà, ẹ gun orí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ gan-an. Bí ẹ bá jókòó dáadáa tí ìdajì iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, ó ti tó. Bó bá jẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kàn án, ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Gíga ìjókòó máa ń wà nínú ìwé rẹ̀. Himalayan àkọ́kọ́, ti 411cc, jẹ́ mìlímítà 800, ó dára fún ẹni tí kò ga. Ténéré 700 jẹ́ 875, CRF300L jẹ́ 880. Ẹ rántí pé ṣọ́ọ̀kì tó rọ̀ máa ń wọlé bí èèyàn bá jókòó lé e, ìyẹn ni CRF300L ṣe máa ń rọrùn ju bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe rí lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa á, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn láti orí ìjókòó, lórí ilẹ̀ tó dagun díẹ̀. Ẹ ó nílò èyí nígbàkigbà tí ẹ bá wọ ibi tí kò ní àbájáde.

Ìdánwò tó kù ni èyí tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n bá yín fi dùbúlẹ̀ lórí koríko tàbí lórí táyà àlòkù, kí ẹ dá a gbé. Ọ̀nà wà tí a fi ń gbé e. Bó bá fi apá ọ̀tún ṣubú, ẹ kọ́kọ́ ta ìgbérò rẹ̀ jáde ní apá òsì kó má baà rékọjá ṣubú sódì kejì, kí ẹ fi sí jíà kìíní kó má yí lọ. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ìdí yín kan etí ìjókòó, ẹ lọ́ ọwọ́ rẹ̀ dé òpin kí ẹ fi ọwọ́ kan dì í mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì di irin ẹ̀yìn mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ na ẹ̀yìn gbọọrọ, ẹ wá máa rìn sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kéékèèké. Itan ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìbàdí. Bí ẹ kò bá lè gbé e bẹ́ẹ̀ lórí koríko gbígbẹ, kò ní ṣeé gbé nínú ẹrẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó máa ń dá wọ oko kò gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò lè dá gbé, bó ti wù kó wu ojú rẹ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: cc mélòó?

125 sí 150 tó fún ìgboro àti oko. Ó máa ń jẹ epo díẹ̀, ó sì ń gun òkè Màpó láìkùn. Ibi tó ti ń ṣe èèyàn láàánú ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn: bí tírélà bá ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú eré, ẹ̀ ń fún un ní gbogbo epo, kò sì sí nǹkan mìíràn tó kù nínú rẹ̀ tí ẹ máa fi sá. Láti 200 dé 450 ni àárín tó tẹ́ mi lọ́rùn jù. 650 sókè jẹ́ ti ẹni tó ń gbé èèyàn àti ẹrù rìn jìnnà déédéé.

Yàtọ̀ sí cc, ẹ wo agbára tó ní nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré. Oní-sìlíńdà kan máa ń fà láti ìsàlẹ̀, ẹ lè rọra gun òkè olókùúta pẹ̀lú jíà kejì, kò ní máa kú. Ó máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ lórí títì, ìyẹn ni gbèsè rẹ̀. Oní-sìlíńdà méjì kì í rẹ ara lórí ìrìn wákàtí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: rìmù àti táyà

Rìmù iwájú ló ń kọ́kọ́ bá kòtò pàdé. Bó bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe máa gun orí ihò kọjá dípò kó jìn sínú rẹ̀. Íǹṣì 21 níwájú ni ti ẹni tó fẹ́ wọ igbó dáadáa: CRF300L, Ténéré 700, Africa Twin, Himalayan, Hero Xpulse 200, gbogbo wọn ló ní i. Íǹṣì 19 wà láàárín, bíi Suzuki V-Strom 650, BMW G 310 GS àti R 1250 GS. Ó rọrùn láti yí ní kọ́nà, kò sì bẹ̀rù yangí. Èyí tó bá ní íǹṣì 17 níwájú, ti títì ni, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ara tánkì rẹ̀.

Rìmù onísípókì ni kí ẹ mú bí ẹ bá lè rí i. Kòtò wa máa ń ṣẹ́ rìmù alóì. Ti sípókì máa ń tẹ̀ ni, wọ́n á sì tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo túúbù, àwọn kan sì ka ìyẹn sí àléébù. Ní tiwa, kò sí fọ́kánáísà lábẹ́ igi kankan tí kò lè lẹ túúbù.

Ọ̀rọ̀ táyà le díẹ̀. Ẹ wo táyà títì lẹ́yìn tó bá ti wọ amọ̀ pupa wa fún ìwọ̀n àádọ́ta ìṣísẹ̀. Amọ̀ á ti dí gbogbo ojú ìlà rẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ lé e lórí, á máa dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Láti ìgbà yẹn lọ, táyà kò kan ilẹ̀ mọ́, amọ̀ ló ń yí lórí amọ̀. Táyà ẹrẹ̀ ní eyín ńláńlá tó jìnnà síra wọn, bó ṣe ń yí ló ń ju amọ̀ nù. Ṣùgbọ́n eyín yẹn kan náà máa ń jẹ kíákíá lórí ọ̀dà, ó ń kùn bí oyin létí, ó sì máa ń yọ̀ bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan títì. Táyà àárín, tí wọ́n ṣe fún ìdajì sí ìdajì, ni mo máa ń sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá fi hàn pé ẹrẹ̀ ló pọ̀, kó fi eléyín ńlá sẹ́yìn ó kéré tán.

Bí ẹ bá wọ ilẹ̀, ẹ dín atẹ́gùn kù. Táyà tó gba 33 psi lórí títì lè sọ̀ kalẹ̀ sí 25, á tẹ́, á sì di ilẹ̀ mú. Ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ jù, òkúta á fi rìmù fún túúbù, á gé e bí ìgbà tí ejò bá buni jẹ, ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ gbé pọ́ǹpù ọwọ́ dání láti fi dá a padà kí ẹ tó sáré. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Táyà tó ti lo ọdún méje nínú ṣọ́ọ̀bù ti le bí pákó, kódà bí eyín rẹ̀ bá pé.

Ti ṣọ́ọ̀kì kò gùn. Èyí tó lè wọlé tó bíi mìlímítà 200 dára fún igbó. Bí kò bá tó 150, ẹ ó ní láti máa rọra. Kí àyè tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì tó mìlímítà 200 pẹ̀lú, kí irin ààbò tó nípọn sì wà níbẹ̀, torí yangí kan ṣoṣo lè lu ilé ọ́ìlì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ooru, epo, bíréèkì

Afẹ́fẹ́ ló ń tu XR150L lára. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tu Suzuki DR650 lára. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wọ́n máa ń gbóná, ṣùgbọ́n kò sí rédíétọ̀ tí òkúta máa lù. Èyí tó ń lo omi ní fáànù, ó sì tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgboro. Bó bá jẹ́ òun lẹ mú, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin bo rédíétọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọ oko.

Kábúrétọ̀ tàbí ínjẹ́ktọ̀? Ínjẹ́ktọ̀ ń tètè dáhùn láàárọ̀, ó sì ń ṣọ́ epo. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá kú pátápátá, pọ́ǹpù epo kò ní ṣiṣẹ́, bí ẹ bá tiẹ̀ ń tì í, kò ní jí. Kábúrétọ̀, mẹ́káníìkì èyíkéyìí á tú u lẹ́bàá ọ̀nà, á fọ̀ ọ́, á dá a padà. Ẹni tó ń ra epo nínú jẹ́rígáànù lábúlé, níbi tí omi ti lè wà nínú rẹ̀, yóò mọ iyì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tuntun jẹ́ oní-ínjẹ́ktọ̀ báyìí. Bí ẹ bá rà á, ẹ máa pààrọ̀ fíltà epo lásìkò, ẹ má sì jẹ́ kí tánkì gbẹ tán.

Bíréèkì oní-ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ń gbani là lórí títì tó tutù. Lórí yangí, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ti ẹ̀yìn máa ń jẹ́ kí máṣíìnì pẹ́ kó tó dúró. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá ó ṣeé pa ní ẹ̀yìn.

Ti ọ́ìlì: ọ̀pọ̀ alùpùpù ní klọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an. Ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n po kó lè máa yọ̀, á jẹ́ kí klọ́ọ̀ṣì máa yọ̀ náà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá mẹ́káníìkì kí ẹ tó wá máṣíìnì

Ẹ kọ orúkọ àti ọdún èyí tó wù yín sínú ìwé. Ẹ wá mú un lọ bá mẹ́káníìkì yín àti ẹni méjì tó ń ta ẹ̀yà máṣíìnì. Ọjà Àràròmí ní Gate ni gbogbo Ìbàdàn mọ̀ fún ẹ̀yà ọkọ̀, mọ́tò ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n sọ iye àti ọjọ́ tó máa gbà kí wọ́n tó rí pákó klọ́ọ̀ṣì, okùn klọ́ọ̀ṣì, pádì bíréèkì, ṣéènì pẹ̀lú eyín rẹ̀ méjèèjì, fíltà, àti túúbù íǹṣì 21. Bí ìdáhùn lórí mẹ́ta nínú wọn bá jẹ́ "a ó bá yín wò ó", ẹ ra àwọn ẹ̀yà yẹn mọ́ máṣíìnì lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ẹ yan òmíràn. Nínú owó 10 náírà tí ẹ bá ní, ẹ fi 7 ra máṣíìnì. 3 tó kù ni ti táyà, ẹ̀yà, ìwé, àti aṣọ ààbò.

Bó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi, ohun tí màá sọ nìyí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, Bajaj Boxer 150 tí wọ́n fi táyà tó dára sí kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀yà rẹ̀ wà ní gbogbo oríta, ó sì ti mọ ọ̀nà oko wa. Lókè rẹ̀ díẹ̀ ni XR150L, àti Yamaha XTZ125 tó ní rìmù 21 níwájú àti 18 lẹ́yìn. Láàárín, Hero Xpulse 200 fúyẹ́, kò tó kílò 160. CRF300L dára nínú igbó ju gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ ní ìpele yìí lọ, ṣùgbọ́n tánkì rẹ̀ kò gbà ju lítà 7.8. Ẹni tó fẹ́ bá a lọ sí Ṣakí, kó wo CRF300 Rally tó gba 12.8. Himalayan wúwo jù wọ́n lọ, àmọ́ ó fara balẹ̀, ó gbẹrù, ti 450 sì gba lítà 17. Nínú àwọn ńlá, Ténéré 700 ni màá mú fún ilẹ̀ líle, V-Strom 650 fún títì, Kawasaki KLR650 fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn sí ilé epo, torí lítà 23 ni tánkì rẹ̀ gbà. Fún ọmọ Ìbàdàn tó máa ní ẹyọ kan ṣoṣo, mi ò ní kọjá kílò 160.

Ìgbésẹ̀ keje: àyẹ̀wò tọ́kúnbọ̀

Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ aago tí ẹ ń bọ̀. Kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni tán, ẹ gbé ọwọ́ súnmọ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti jí i sílẹ̀ dè yín, ẹ ní ẹ ó padà wá. Èyí tó tutù ló ń sọ òótọ́. Bó bá dáhùn, ẹ wo èéfín: aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì, dúdú, epo pọ̀ jù, funfun tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi ń wọ inú rẹ̀. Ẹ tú ìdérí ọ́ìlì: bó bá rí bíi tíì onímílíìkì, ẹ máa lọ sílé.

Ọ̀gá mẹ́káníìkì mi ní Òjóò máa ń mú sípánà kékeré kan, á bẹ̀rẹ̀, á sì máa fi kan sípókì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rọra yí rìmù. Èyí tó le dún kíní bí agogo. Èyí tó tú dún pọ́ bí igi. Kì í sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó kan mẹ́ta tó dún pọ́ tẹ̀léra wọn, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Àbúrò, eléyìí ti bọ́ sí kòtò ńlá rí. Ẹ jẹ́ ká wo ọrùn rẹ̀." A wo ọrùn, lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ti so mọ́ ara, ọ̀dà ibẹ̀ tuntun ju ti ibòmíràn lọ, ojú ìjórin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ò sọ nǹkan kan fún wa.

Ẹ nu irin fọ́ọ̀kì iwájú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá. Bí òrùka ọ́ìlì bá yọ sí i lára, síìlì rẹ̀ ti lọ. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, kí ẹ fi ìka méjì yí ọwọ́ láti òsì dé ọ̀tún. Bó bá há díẹ̀ ní àárín, bíárìn ọrùn ti jẹ. Ẹ fa ṣéènì sẹ́yìn níbi tó ti yí eyín ẹ̀yìn ká. Bí ìdajì eyín bá hàn, ó ti fà. Eyín tó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ti parí. Lẹ́yìn èyí, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ wo irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n lè yí nọ́ńbà kìlómítà padà, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ òkúta kì í parọ́.

Ẹ ka nọ́ńbà ara férémù, kó bá ti ìwé mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Mẹ́tàdínlógún (17) ni. Nínú èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, ti ẹ̀kẹwàá ló ń sọ ọdún: J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020, M ni 2021. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ín lọ́jọ́ náà. Láìsí wọn, ẹ má sanwó. Kíláàsì A ni láísẹ́ǹsì alùpùpù.

Àṣíborí, bàtà, ìdánwò

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń fipá mú àṣíborí fún ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ má ra èyí tó ń mì lórí. Bí ẹ bá mi orí, kí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín bá a lọ. Ẹ wá àmì ECE tàbí DOT, àwọn àmì ìlànà ààbò. Èyí tó bá ti gbá ilẹ̀ nínú ìjàǹbá lẹ́ẹ̀kan ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀. Ooru kì í ṣe àwíjàre, jákẹ́ẹ̀tì onínẹ́ẹ̀tì wà.

Nígbà ìdánwò, ẹ dúró lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé fún kìlómítà kan. Bí ẹ̀yìn yín bá tẹ̀ bí ti ẹni tó ń ro ọkà, ọwọ́ rẹ̀ kéré fún yín, ẹ lè gbé e ga. Ẹ yí po ní ojú ọ̀nà tóóró láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ dúró ní àárín òkè kan, kí ẹ tún gbéra níbẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí ẹ máa ń gbé lẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ tuntun, ọ́ìlì àkọ́kọ́ máa ń jáde ní kìlómítà 1,000, ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn ẹrẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kí amọ̀ tó gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi tó lágbára gún ibi tí bíárìn wà, kí ẹ sì fi ọ́ìlì sí ṣéènì nígbà tó bá gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa tú fíltà atẹ́gùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ìka nu inú páìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀nà ẹ́ńjìnnì. Bí eruku pupa bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí àtíkè, fíltà ti ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ tó tún jí i.